Iyọ̀ Lórí Ahọ́n Adití

Iyọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ni Jésù fi ṣàpèjúwe àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ nínú ìwé Mátíù orí karùn-ún. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó lóhùn. Iyọ̀ kì í kígbe nínú ìkòkò. Ẹni tó bá bu ọbẹ̀ sẹ́nu ló máa mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í kágò kó tó wọ yàrá. Bí a bá tẹ̀ lé àfiwé méjèèjì yìí, ipa rere tí onígbàgbọ́ ń ní láyé kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu polówó. Ahọ́n ló ń tọ́ ọ wò, ojú ló ń rí i.

Bẹ́ẹ̀, ohùn ni ẹ̀sìn Kristi bá wọ ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí David Hinderer, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS, kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ Ìbàdàn ní 1851, tí òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ sì wá fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì ní 1853, ìwàásù àti orin ni wọ́n fi ṣí ọ̀nà. Odindi Bíbélì jáde lédè Yorùbá ní 1884, ṣùgbọ́n kíkà sókè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbọ́ ọ. Oníwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá tó mi Iléṣà tìtì ní 1930, agogo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lóde òní ńkọ́? Ẹni tó bá jí ní Bódìjà tàbí Agbowó n'Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ọjọ́ ìsìn ni. Gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń bá ti ìsàlẹ̀ jà, ti òdìkejì títì ń bá àwọn méjèèjì jà, jẹnẹrétọ̀ sì ń gbè wọ́n. Ẹnì kan wà ládùúgbò tí gbogbo ariwo yìí kì í dí lọ́wọ́ oorun, tí ìwàásù inú rẹ̀ kò sì kàn rárá. Adití ni.

Ó tó ọdún 107 lẹ́yìn tí Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ dé Kúdẹtì kí ẹnì kan tó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní orúkọ Kristi. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ní 1960, adití lòun náà.

Kó tó dé, ayé ọmọ adití kò ju inú agbo ilé rẹ̀ lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n bí i mọ́. Àwọn mìíràn gbọ́ràn dáadáa nígbà tí wọ́n dé ayé, kí ibà pọ́njú ọmọ ọwọ́ tàbí àìsàn yírùnyírùn tó gba etí wọn, tàbí kí abẹ́rẹ́ bíi gentamicin àti streptomycin gba ẹ̀mí wọn là tán kó sì pa etí wọn. Wọ́n a ní ìyá odi ló ń gbédè odi. Òótọ́ ni, àbùkù rẹ̀ sì wà nínú òótọ́ náà. Ìyá àti ọmọ máa ń jọ ṣẹ̀dá àmì tiwọn: ọwọ́ sí ẹnu ni oúnjẹ, orí sórí àtẹ́lẹwọ́ ni oorun, àpò tí a gbé kọ́ èjìká ni ọjà. Àmì ohun tí ojú rí ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó lè sọ fún ọmọ náà pé ọ̀la ń bọ̀, pé a ṣe ìlérí fún un, tàbí ìdí tí bàbá rẹ̀ kò fi padà wálé mọ́. Ọjọ́ tí ìyá náà bá sì kú, ẹni kan ṣoṣo tó gbédè ọmọ ti lọ nìyẹn. Ará ilé á máa pè é ní odi, á wá dà bí ẹni pé òmùgọ̀ ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí.

Andrew Jackson Foster ni orúkọ ọkùnrin náà. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, 1925, ní Ensley ní ìpínlẹ̀ Alabama, l'Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ dúdú ni, awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí yírùnyírùn kọlu òun àti arákùnrin rẹ̀, tó sì pa wọ́n létí lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ìyàsọ́tọ̀ ìgbà náà kò jẹ́ kí ọmọ dúdú bá ọmọ funfun kàwé pọ̀, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití aláwọ̀ dúdú ní Talladega ni wọ́n mú un lọ, ìwé ibẹ̀ kò sì jìnnà. Ó ṣí lọ sí Detroit. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń kàwé lálẹ́, ó sì fi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Gallaudet ní Washington, ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn adití láti 1864, gbà á wọlé. Ní 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè níbẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọdún ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti wà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó tún gba oyè kejì ní Michigan ní 1955, ó sì kọ́ṣẹ́ míṣọ́n ní Seattle ní 1956.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí kíákíá lè rò pé ìwé ló gbé ọkùnrin náà dé Áfíríkà. Ìwé kọ́. Ní Detroit ló ti gba Jésù gbọ́, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ohun tó ká a lára kò le: àwọn míṣọ́nnárì ti ń lọ sí Áfíríkà láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn, àwọn tó rántí adití kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́n kò gba òun náà. Aláwọ̀ dúdú ni, adití tún ni. Ìyẹn ti tó ìdí méjì. Ní 1956 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Detroit, Christian Mission for Deaf Africans. Ní 1957, ọdún tí Gánà gbòmìnira, ó dé Accra. Ibi tó bá béèrè ọmọ adití dé, èsì tí wọ́n máa ń fún un ni pé kò sí irú rẹ̀ lágbègbè àwọn. Ó yá iyàrá ìkàwé àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn, ó ń lò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Nígbà tí ìròyìn tàn pé adití kan ń kọ́ adití níwèé, àwọn ọmọ tí wọ́n ní kò sí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú yàrá ẹ̀yìn.

Ní 1960 ó sọdá sí Nàìjíríà. Ìbàdàn, Enugu àti Kàdúná ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sí. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Ilé ẹ̀kọ́ Wesley ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó láti 1958. N'Ìbàdàn fúnra rẹ̀, kò pẹ́ tí Ìyáàfin Oyèṣọlá náà fi dá Ibadan School for the Deaf sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ohun tó ya Foster sọ́tọ̀ ni pé kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó bá adití sọ̀rọ̀. Orí ìjókòó kan náà ni òun àti wọn wà. Ọmọ tó gbà pé àgbàlagbà adití kan kò lè ju aláàárù lọ rí ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó de táì, tó ń wakọ̀, tó ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba, tí etí rẹ̀ sì di bíi tirẹ̀. Kò sí ìwàásù tó lè ṣe èyí.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹ ní wíwò dáadáa. Ká ní ọmọ ọdún méje kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko. Kò mọ̀ pé nǹkan ní orúkọ. Olùkọ́ á da iyọ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á mú ìwọ̀n bín-ín-tín, á fi kan ahọ́n ọmọ náà. Ojú ọmọ á fún pọ̀. Lójú ẹsẹ̀, olùkọ́ á na ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ọwọ́ méjèèjì, á gbé ti ọ̀tún lé ti òsì, á sì máa fi méjì òkè lu ti ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wọ́n nǹkan díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni iyọ̀ ní èdè adití. Ìka tí àwọn Yorùbá sọ lórúkọ nítorí pé òun la fi ń lá ọbẹ̀ náà ló ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni àmì náà ti wá. Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó. Lọ́jọ́ kejì ó di ṣúgà. Funfun ni, ó rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti àná, ṣùgbọ́n ahọ́n ní irọ́ ni, ọwọ́ olùkọ́ sì ṣe àmì mìíràn. Níbẹ̀ ni nǹkan ti máa ń yé ọmọ náà lójijì: ohun méjì tí ojú ò lè yà, orúkọ lè yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lè gba odindi ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó bá ti dé ibi yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ olùkọ́, á máa nàka sí àga, sí ewúrẹ́, sí òjò, á fẹ́ mọ orúkọ gbogbo ohun tó ti ń rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Òun náà á gba orúkọ. Orúkọ àbísọ rẹ̀ lè jẹ́ Ṣọlá, ṣùgbọ́n lórí ìka, lẹ́tà 26 ti òyìnbó nìkan ló wà. Kò sí ṣ, kò sí ẹ, kò sí ọ. Nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fún un ní orúkọ ọwọ́: àpá tó wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, tàbí bó ṣe máa ń fọwọ́ pa fìlà rẹ̀. Níbi ìwàásù náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àmì Jésù nínú èdè yìí ni pé kí ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún kan àtẹ́lẹwọ́ òsì, kí ti òsì náà sì kan àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Ojú ìṣó ni. Nígbàkigbà tí adití bá dárúkọ Jésù, ó ti sọ ìtàn ikú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń fi ẹnu pè é kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ náà kì í ṣe àfiwé lásán fún adití. Ẹni tó ń gbọ́ràn lè bá ìyàwó rẹ̀ takurọ̀sọ nínú òkùnkùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí iná mànàmáná bá lọ lálẹ́ níbi tí adití mẹ́ta jókòó sí, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, àyàfi kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ ara wọn. Ní yàrá wọn, wọn kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń tan iná, wọ́n á pa á, wọ́n á tún tàn án, kí ẹni tó wà nínú lè mọ̀ pé àlejò dé. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá fẹ́ kí adití jọ́sìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ibi tí gílóòbù wà. Ògbufọ̀ tó bá dúró síwájú fèrèsé, tí oòrùn ń ràn lẹ́yìn rẹ̀, òjìji dúdú lásán ló ń wàásù.

Èdè ọwọ́ yìí ti rí ìyà rí. Ní 1880, àwọn olùkọ́ adití pàdé ní Milan, ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n sì dìbò pé ẹnu ni kí adití máa kọ́ láti fi sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ sinmi. Aṣojú 164 ló wà níbẹ̀. Ẹyọ kan péré nínú wọn ló jẹ́ adití. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìpinnu yẹn fi jọba kiri ayé. Wọ́n ń so ọwọ́ ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń fi dandan mú un kó máa wo ètè olùkọ́. Ọdún 2010 ni ìpàdé àwọn olùkọ́ adití ní Vancouver tó kọ ìpinnu Milan sílẹ̀. Foster kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọwọ́, ìwé, àwòrán, ètè, ìfojúsọ̀rọ̀, ohun tó bá ṣáà ti lè gbé ọ̀rọ̀ dé ọkàn ọmọ ló lò.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ n'Ìbàdàn wá lẹ́yìn náà, ìlú kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ó sọ Ìbàdàn di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ adití láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ilẹ̀ tó ń sọ Faransé pọ̀ nínú wọn. Wọ́n máa ń wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, púpọ̀ nínú wọn adití, wọ́n á kọ́ èdè ọwọ́, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ, bí a ṣe ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń ka Bíbélì pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n á sì padà lọ bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ilé ẹ̀kọ́ Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ ní 1974. Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Sẹ̀nẹ̀gàl, Kamẹrúùnù àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Kó tó kú, ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 30 ni ó ti dá sílẹ̀, ní orílẹ̀-èdè 13. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé títí dòní, adití Abidjan àti adití Lomé ń lo èdè ọwọ́ tí orísun rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Ìbàdàn. Ọmọ Ìbàdàn tó gbọ́ràn tó bá dé Abidjan, tí kò gbọ́ Faransé, á wá ògbufọ̀ kó tó ra omi. Adití Ìbàdàn á bá adití ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Ìbàdàn ti rán jáde sí ilẹ̀ adúláwọ̀ láti ìgbà òmìnira, àwọn ìwé ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ àti àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH ni à ń dárúkọ jù. Ó yẹ kí èdè yìí wà lára wọn.

Iyọ̀ náà kò sì dúró sínú ìkòkò ṣọ́ọ̀ṣì. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ adití títí tó fi dé oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1977 ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìjọba ti gba ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún yẹn, àwọn tí kò gba Kristi gbọ́ sì di olùkọ́ nínú wọn. Ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, níbi tí èrò ti ń sọdá sí Agbowó, èèyàn lè rí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ń fi ọwọ́ ta àwàdà láàárín ariwo ọkọ̀ máíkírà, ẹ̀rín wọn nìkan ló ń dún. Ọmọ Mùsùlùmí tó jẹ́ adití n'Ìbàdàn, ọwọ́ kan náà ló fi ń sọ̀rọ̀ nípa ààwẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè yọ iyọ̀ kúrò nínú omi mọ́ bó bá ti yòrò.

Iṣẹ́ náà kò ṣàìní àléébù. Èdè Amẹ́ríkà ni Foster gbé wá, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì so mọ́ ọn. Àmì tí àwọn adití ilẹ̀ Yorùbá ti ń lò láàárín ara wọn kó tó dé, kò sí ẹni tó jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Àwọn onímọ̀ èdè òde òní ló ń sáré wá ohun tó kù nínú rẹ̀. Èyí tó le jù ni ti ilé. Ọmọ á ti ilé ẹ̀kọ́ dé pẹ̀lú èdè tó kún fọ́fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì bá ìyá àgbà tó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ló gbọ́, tí kò mọ̀wé. Ọmọ tó ti mọ orúkọ gbogbo nǹkan kò tún rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ọ̀pọ̀ bàbá ni kò kọ́ ju àmì mẹ́wàá lọ títí ọmọ fi gbéyàwó. Ẹ̀bi Foster kọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ara ohun tó fi sílẹ̀ ni.

Àwọn kan a tún máa béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ ni ó fẹ́ dá sílẹ̀ ní tòótọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá ìwé kọ́ ni ìjẹ tó fi sẹ́nu ìwọ̀. Foster kò fi pamọ́ pé ìyìn rere ló gbé òun wá. Àmọ́ ẹni tó bá ronú sí i á rí i pé lọ́dọ̀ adití, a kò lè ya méjèèjì. Ìwé Róòmù orí kẹwàá so ìgbàgbọ́ mọ́ gbígbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti dá ọ̀pọ̀ oníwàásù dúró síbi kan: ẹni tí kò gbọ́ ńkọ́? Ọmọ tí kò mọ orúkọ iyọ̀ kò lè mọ ohun tí ìràpadà jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fún un ní èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní èkíní, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà lè gba èkíní kó má gba èkejì láéláé. Nínú Máàkù orí keje, nígbà tí wọ́n mú adití kan tọ Jésù wá, ó fà á kúrò láàárín èrò, ó sì fọwọ́ kàn án létí àti ní ahọ́n kó tó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ìwàásù tí wọ́n ń ṣe lórí ibẹ̀ kì í dúró sí ibi ọwọ́ yẹn. Iṣẹ́ ìyanu ni wọ́n máa ń sáré lọ bá.

Èyí sì ti pa àwọn adití lára n'Ìbàdàn. Ìpàgọ́ ìwòsàn kì í wọ́n láyìíká Ring Road àti Challenge. Wọ́n á gbé adití sórí pèpéle, wọ́n á pariwo sí i létí, wọ́n á ní kó tún un pè. Ọmọ tí wọ́n gbé kiri irú ibẹ̀ láti ọdún mẹ́ta títí dé ọdún mẹ́wàá ti pàdánù ọdún tí èdè máa ń wọ ọmọ lórí jù lọ. Ẹni tó gbàdúrà kò ṣẹ̀. Ẹni tó fi àdúrà dí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ló ṣẹ̀.

Ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, 1987 ni ọkọ̀ òfurufú kékeré tí Foster wọ̀ já lulẹ̀ ní Rwanda, ó sì kú. Ẹni ọdún 62 ni. Ní 1992 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara káàkiri ayé. Kì í ṣe nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe mú ọjọ́ náà; ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2004, Gallaudet fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn kan.

Ní Nàìjíríà, òfin tó ka fífi ojú kéré ẹni tó ní ìpèníjà ara sí ẹ̀ṣẹ̀ di òfin ní oṣù Kìíní, 2019. Òfin kò tíì dé ibi gbogbo. Ní ilé ìwòsàn, ohùn ni nọ́ọ̀sì fi ń pe aláìsàn. Obìnrin adití tó ti jókòó láti aago méje àárọ̀ lè wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti gbé káàdì rẹ̀ sábẹ́ àwọn yòókù, wọ́n sì ti ń kùn pé àwọn èèyàn kì í dúró. Gbogbo ohun tí ìgbàgbọ́ ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì onígbàgbọ́ níbẹ̀ kò ju pé kó dìde, kó rìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kó sì fọwọ́ kan obìnrin náà léjìká. Ní báǹkì, bébà àti bírò ni. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó jẹ́ pé kí wọ́n tú ọwọ́ adití tí wọ́n mú sílẹ̀ kí wọ́n tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè lọ́wọ́ ni wọ́n dí lẹ́nu.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Ìbàdàn ti ní ògbufọ̀ tó ń dúró níwájú lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó dára. Púpọ̀ ṣì ń rò pé ìrẹsì ọdún Kérésì ti tó. Owó gbohùngbohùn kan ṣoṣo lè tó láti rán ọmọ ìjọ méjì lọ kọ́ èdè ọwọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá sì ti ní wọn kò tíì parí iṣẹ́, títí tí adití kan yóò fi dúró lórí pèpéle tí yóò sì wàásù, tí ògbufọ̀ yóò wá máa fi ẹnu túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè dé ọ̀dọ̀ adití kankan, àfi bí ẹni tó gbọ́ ọ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé tí kì í yíjú nígbà tí wọ́n bá pè é lẹ́yìn, kó mú un lọ sí ẹ̀ka etí ní UCH fún àyẹ̀wò. Bó bá sì jẹ́ pé etí náà ti di, kó wá ilé ẹ̀kọ́ adití lọ lọ́dún yìí, kí òun náà sì kọ́ èdè náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Kó má ṣe dúró de ọjọ́ tí etí yóò là.